Àwọn tó wá ibi tó ti bàjẹ́ kàn ló ni ọdún 2024

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọdún. A ti ka ẹ̀dà tí ẹ fi dágbére fún ọdún 2024 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òṣèlú kún inú rẹ̀ bámúbámú, bọ́ọ̀lù ò gbẹ́yìn, ẹ sì ṣe dáadáa tí ẹ rántí àwọn tó ti lọ. Àmọ́ ìwé, sáyẹ́ǹsì àti íntánẹ́ẹ̀tì, igun kan péré ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ há sí, orúkọ àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ló sì gba igun náà tán. Ẹni tó bá ka orúkọ láì mọ ohun tí wọ́n ṣe àti bí wọ́n ṣe ṣe é kò rí nǹkan kan mú lọ sílé.

Lójú tèmi, iṣẹ́ àtúnṣe ló tayọ nínú ọdún náà. Ariwo ohun tuntun pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ ká máa rántí ni àwọn tó jókòó ti nǹkan tó bàjẹ́, tí wọ́n fara balẹ̀ wá ibi tó ti bàjẹ́ gan-an kàn, tí wọ́n sì tún un ṣe níbi tí ọwọ́ ẹ̀dá ò lè dé tààrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ kínníkínní, nítorí kínníkínní náà ló sọnù nínú ẹ̀dà yín.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó kàn wá lápò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, íntánẹ́ẹ̀tì dákú káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Owó ò gba orí fóònù kọjá mọ́, báńkì ń bẹ oníbàárà pé kí wọ́n ní sùúrù. Okùn mẹ́rin ló já lábẹ́ òkun lápá Côte d'Ivoire: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣì gbà pé òkè lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì, ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wá bá wa. Ìsàlẹ̀ òkun ni èyí tó pọ̀ jù lọ ń gbà. Níbi tí omi ti jìn, okùn náà ò nípọn ju rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó lọ, nǹkan bíi mìlímítà 17 sí 21. Fọ́nrán gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ló wà láàárín rẹ̀, wáyà irin yí i ká kó lè lágbára, bàbà wà níbẹ̀ láti gbé iná mànàmáná, ike sì bo gbogbo rẹ̀. Iná yẹn kì í ṣe fún íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ọ̀tun lójú ọ̀nà ló ń lò ó, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń rẹ̀ bó bá ti rìn jìnnà, kìlómítà 60 sí 100 ni wọ́n sì sábà máa ń fi sáàárín ẹ̀rọ kan àti èkejì.

Ilé-iṣẹ́ MainOne ṣàlàyé pé omi jìn tó nǹkan bíi kìlómítà 3 níbi tí okùn tiwọn ti já, nítorí náà kò lè jẹ́ ìdákọ̀ró ọkọ̀ tàbí àwọ̀n apẹja. Wọ́n ní ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì. Báwo wá ni èèyàn ṣe ń mọ ibi tí okùn ti já nínú omi tó jìn tó bẹ́ẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń wá a. Láti ilé okùn tó wà létíkun, wọ́n á ta ìtànṣán kan sínú fọ́nrán, wọ́n á sì ka àkókò tí díẹ̀ nínú rẹ̀ fi padà wá. Nínú gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àlọ àti àbọ̀ bá gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, kìlómítà 2,000 ni ìmọ́lẹ̀ náà rìn, ìyẹn ni pé kìlómítà 1,000 sí etíkun ni okùn ti já.

Wíwá ibẹ̀ kì í pẹ́. Ọkọ̀ àtúnṣe ló ń pẹ́. MainOne fojú díwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan sí méjì fún àtúnṣe gan-an, àti ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta fún ọkọ̀ láti kó okùn àfirọ́pò, kó sì rìn láti Yúróòpù dé ọ̀dọ̀ wa. Tó bá débẹ̀, wọ́n á pa iná tó ń gba inú okùn, wọ́n á sọ ìkọ́ irin sísàlẹ̀, wọ́n á fà á ní ilẹ̀ òkun títí tó fi máa kọ́ okùn náà. Okùn kì í ní ìdẹ̀ra tó láti dé ojú omi, nítorí náà wọ́n sábà máa ń gé e kí wọ́n tó gbé orí kan jáde. Wọ́n á dán orí yẹn wò, wọ́n á so ó mọ́ ohun tó ń léfòó, wọ́n á wá lọ wá orí kejì. Okùn tuntun tí wọ́n máa fi sáàárín wọn gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po méjì jíjìn omi náà, torí orí méjèèjì gbọ́dọ̀ tó ojú ọkọ̀. Wọ́n á fi iná jó fọ́nrán kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì nínú yàrá tó mọ́ tónítóní. Eruku kan ṣoṣo tó bá bọ́ sójú ibẹ̀ ti ba iṣẹ́ náà jẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ike bo oríkèé náà, wọ́n á ya á ní ẹ́síréè kó tó padà sínú omi.

Ohun kan wà tó yẹ kí àwọn oníṣòwò tó ń ka ìwé yín mọ̀ nípa ọjọ́ yẹn. Okùn Glo-1 àti Equiano ò já, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ olùtà méjì, tí wọ́n sì rò pé ọkàn àwọn balẹ̀, láì béèrè okùn tí olùtà kọ̀ọ̀kan ń gbà jáde. Tí méjèèjì bá ń gba okùn kan náà, owó méjì ni wọ́n ń san fún ọ̀nà kan ṣoṣo. Kí wọ́n béèrè orúkọ okùn, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn.

Láti ìsàlẹ̀ òkun, ẹ jẹ́ ká lọ sí ibi tó jìnnà jù tí iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn tíì dé. Ọkọ̀ òfuurufú Voyager 1, tí kò ní èèyàn nínú, gbéra ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Oókan àti òdo kan náà ló ń tún sọ ṣáá, bíi kásẹ́ẹ̀tì tó há. Ó ń gbọ́ àṣẹ, ó sì ń ṣe é, àmọ́ èsì rẹ̀ ò ṣeé kà. Ó ti jìnnà ju bílíọ̀nù kìlómítà 24 lọ. Wákàtí 22 àti ààbọ̀ ni ọ̀rọ̀ fi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, ó tún tó bẹ́ẹ̀ kí èsì tó padà, nítorí náà ẹni tó bá béèrè ìbéèrè kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àárọ̀ Ọjọ́rú ló máa tó gbọ́ ìdáhùn.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, fi àṣẹ kan ránṣẹ́ pé kí kọ̀ǹpútà tó ń to ìròyìn jọ nínú ọkọ̀ náà gbìyànjú láti gba ọ̀nà mìíràn. Èsì tó dé ní ọjọ́ 3 yàtọ̀ díẹ̀ sí ìsọkúsọ àtẹ̀yìnwá. Ẹnì kan nínú àwọn tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ rédíò tí wọ́n fi ń bá ọkọ̀ òfuurufú sọ̀rọ̀ tú u wò, ó sì rí i pé gbogbo ohun tó wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà náà ló kó wá. Wọ́n gbé e síwájú èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́, wọ́n ń wo ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀. Ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ìrántí náà ló ti kú, ṣíìpù kan ṣoṣo, ìyẹn ègé ẹ̀rọ kékeré tó ń tọ́jú ìrántí, ló sì fà á.

Kò sẹ́ni tó lè lọ pààrọ̀ ṣíìpù níbẹ̀. Kóòdù tó wà lórí rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ni wọ́n ní láti kó kúrò. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí àyè kan ṣoṣo tó kù nínú ìrántí náà tó lè gba gbogbo kóòdù ọ̀hún. Wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n há a káàkiri ibi tí àyè kékeré bá ti ṣẹ́ kù, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tọ gbogbo ibi tí kóòdù mìíràn ti ń dárúkọ èyí tí wọ́n kó, tí wọ́n ń yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà. Bí ẹni kó lọ sílé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ni, tó sì gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo ẹbí ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan wà. Àdírẹ́sì kan tó bá ṣì, kọ̀ǹpútà á lọ wá iṣẹ́ síbi tí iṣẹ́ ò sí. Ìwé àtijọ́ tí àwọn tó kọ́ ọkọ̀ náà kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ń ṣí wò. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ni wọ́n fi èyí àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ìyẹn èyí tó ń sọ bí ara ọkọ̀ náà ṣe ṣe. Ọjọ́ 20 ni Voyager fèsì tó ṣeé kà. Nígbà tó fi di oṣù Kẹfà, ẹ̀rọ sáyẹ́ǹsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nígbà náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó yẹ kí àwa náà mọ̀ pé ìró ìlù àwọn ará ìtòsí wa wà nínú ọkọ̀ yẹn. Lórí àwo orin aláwọ̀ wúrà tí wọ́n so mọ́ ọn, ìlù àwọn Mahi tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Savalou, ní ilẹ̀ Benin, lọ́dún 1963 wà níbẹ̀; ọ̀pọ̀ ọdún ni àkọsílẹ̀ fi ń pè é ní orin Senegal. Ìkíni ní èdè 55 náà wà lórí àwo ọ̀hún. Yorùbá ò sí nínú wọn.

Ní oṣù Kẹta yẹn kan náà, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló tú àṣírí olè tó ṣe é ṣe kó wọ ọ̀pọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, lágbàáyé. Andres Freund, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé ọ̀nà tí àwọn alábòójútó fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, ìyẹn SSH, ti ń lọ́ra díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń jẹ agbára kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíì á ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Òun tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé ìdí xz, irinṣẹ́ kékeré kan tó ń fún fáìlì pọ̀, ó sì kéde ohun tó rí ní ọjọ́ 29. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti lo ọdún méjì ó lé, ó ń ṣèrànwọ́ níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, títí ó fi rí ọkàn ẹni tó ń dá bójú tó irinṣẹ́ náà láìgbowó. Ìgbà tí wọ́n gbé e sípò ló fi ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Inú fáìlì tó dà bí ti ìdánwò ló bo májèlé náà sí, àṣẹ tó ń jí i dìde ò sì sí nínú kóòdù tó wà ní gbangba, inú ẹrù dídì tí àwọn èèyàn ń gbà sílẹ̀ nìkan ló wà. Ẹni tó bá yẹ kóòdù gbangba wò, kò lè rí i. Ẹ̀dà ìdánwò Debian àti Fedora, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, ètò tí ọ̀pọ̀ sáfà ń lò, wà lára ibi tó dé kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà Linux lè kọ xz --version kó wò ó; tó bá rí ọ̀kan nínú nọ́ńbà méjèèjì yẹn, kó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Nísinsìnyí, ìwé. Ìwé tó jọ mí lójú jù lọ lọ́dún 2024, kò tíì sẹ́ni tó ṣí i láti ọdún 79 Sànmánì Kristẹni. Ọdún yẹn ni òkè Vesuvius ní Ítálì bú gbàmù, tó sì bo ìlú Herculaneum mọ́lẹ̀. Ilé olówó kan wà níbẹ̀ tí ìwé kíká kún inú rẹ̀, ooru sì sọ wọ́n di èédú. Ọdún 1752 ni àwọn tó ń walẹ̀ kàn wọ́n. Ẹni tó bá rí ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò á fi ṣe ìdáná ni: ó dúdú, ó wú síbì kan, ó rún síbòmíràn, ọwọ́ lásán sì lè fọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ló fọ́ yángá lọ́wọ́ àwọn tó gbìyànjú láti ṣí wọn láyé àtijọ́.

Ẹ́síréè máa ń fi ohun tó wúwo hàn yàtọ̀ sí ohun tó fúyẹ́. Tàdáwà tó bá ní irin tàbí òjé nínú á yọ lójú rẹ̀ kedere. Àmọ́ dúdú èéfín iná tí wọ́n pò mọ́ oje igi ni àwọn ará Herculaneum fi kọ tiwọn, orí ewé pápírọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ ọ́ sí, ewé yẹn náà sì ti di èédú. Èédú lórí èédú. Ìdí nìyẹn tí ẹ́síréè ilé ìwòsàn ò fi lè rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Ìwé kan tó wà lọ́wọ́ Institut de France ní Paris, wọ́n gbé e lọ sí Diamond Light Source nítòsí Oxford, níbi tí ẹ̀rọ ńlá kan ti ń mú ẹ́síréè tó lágbára gidi jáde. Ó ya inú rẹ̀ ní ìpele-ìpele, tó fi jẹ́ pé ẹyọ àmì kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán náà ò ju nǹkan bí ìdá 8 nínú 1,000 mìlímítà kan lọ. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tó gba sùúrù wá bẹ̀rẹ̀: kí èèyàn máa tọ ipasẹ̀ ewé kan bó ṣe ká yípo, yípo, nínú àwòrán. Ibí ni nǹkan ti máa ń dàrú jù. Ewé méjì á lẹ̀ mọ́ra, ẹni tó ń tọpasẹ̀ á sì bọ́ sórí èkejì láì mọ̀, gbogbo ohun tó bá kà lẹ́yìn ìyẹn á di àdàlù ojú ewé méjì. Tí ó bá tọ̀ ọ́ tán láìṣìnà, kọ̀ǹpútà á tẹ́ ewé náà pẹrẹsẹ.

Síbẹ̀, pẹrẹsẹ dúdú náà ni. Casey Handmer ló kọ́kọ́ fi ojú lásán rí i, lẹ́yìn tó ti tẹjú mọ́ àwòrán náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, pé níbi tí tàdáwà bá wà, ojú ewé máa ń sán wẹ́wẹ́ bí ẹrẹ̀ tó gbẹ lẹ́yìn òjò. Luke Farritor, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà, fi irú sísán yẹn kọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn AI, kó lè máa wá èyí tí ojú ò rí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ọ̀rọ̀ kan jáde ní èdè Gíríìkì: ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ àwọ̀ elése àlùkò. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2024, Farritor, Youssef Nader ọmọ Íjíbítì àti Julian Schilliger ará Switzerland jọ gba 700,000 dọ́là nínú Vesuvius Challenge, ìdíje tó ń wá ẹni tó lè ka àwọn ìwé náà. Ohun tí ìdíje náà béèrè ni ìpínrọ̀ mẹ́rin tí lẹ́tà 140 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì ṣeé kà. Lẹ́tà tí wọ́n mú jáde lé ní 2,000, ìyẹn nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwé náà. Òǹkọ̀wé ọ̀hún ń sọ̀rọ̀ lórí ìgbádùn, ó ń wádìí bóyá oúnjẹ tó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́ ń dùn ju èyí tó pọ̀ lọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí AI ṣe ń parọ́ yóò béèrè pé báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe òun ló hùmọ̀ àwọn lẹ́tà náà. Ìbéèrè tó dára ni. Ẹ̀rọ náà ò mọ Gíríìkì rárá. Ibi kékeré ló ń wò lẹ́ẹ̀kan, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì ń dáhùn: ṣé tàdáwà wà níbí, àbí kò sí? Àwọn ọ̀mọ̀wé tó mọ ìwé àtijọ́ ló wá jókòó ka ohun tó bá yọ. Bí ẹ bá fẹ́ sọ fún òǹkàwé yín ohun tí AI lè ṣe láì tan ẹnikẹ́ni jẹ, àpẹẹrẹ yìí ni kí ẹ lò. Ẹ tún lè fi ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísítírì kún un: David Baker gba ìdajì rẹ̀ nítorí pé ó fi kọ̀ǹpútà hùmọ̀ purotéènì tuntun, Demis Hassabis àti John Jumper sì pín ìdajì kejì, nítorí kọ̀ǹpútà tó ń sọ bí purotéènì ṣe máa ká ara rẹ̀ jọ. Kíká àti títú náà ni.

Ní ti ìwé tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, ẹ dárúkọ Han Kang, ọmọ Gúúsù Kòríà àkọ́kọ́ tó gba Nobel lítíréṣọ̀. Ẹ gbàgbé ìwé tó gba ẹ̀bùn Booker, Orbital láti ọwọ́ Samantha Harvey, bẹ́ẹ̀ sì rèé ojú ewé 136 péré ni: èèyàn mẹ́fà ní ibùdó òfuurufú, ọjọ́ kan ṣoṣo, ìyọjú oòrùn mẹ́rìndínlógún. Ẹ ò ní ìwé Yorùbá kankan lórí àtòjọ yín. Mo gbà pé ó ṣòro láti mọ ohun tó jáde, nítorí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa ló ń sanwó ìtẹ̀wé fúnra wọn, tí ẹ̀dà rẹ̀ ò sì kọjá ìlú kan. Ẹ polówó láti oṣù Kẹsàn-án pé kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́. Kí ẹ sì tẹ nǹkan márùn-ún síwájú orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan: iye ojú ewé, ẹni tó tẹ̀ ẹ́, iye owó, ibi tí èèyàn ti lè rà á, àti bóyá àmì ohùn pé lórí rẹ̀.

Èyí tó kàn yìí kì í ṣe àtúnṣe, àmọ́ kò yẹ kí ìwé ìròyìn Áfíríkà kankan fò ó. Ìwé ìròyìn Science pe lenacapavir, abẹ́rẹ́ tó ń dènà HIV, ní àṣeyọrí ọdún 2024. Àwọn ọmọbìnrin àti ọ̀dọ́bìnrin ọdún 16 sí 25 ní Gúúsù Áfíríkà àti Uganda ni wọ́n fi dán an wò. Nínú 2,134 tó gba abẹ́rẹ́ náà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó HIV. Nínú 1,068 tí wọ́n fún ní oògùn Truvada tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́, 16 kó o. Oògùn ojoojúmọ́ náà ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá ń lò ó déédéé, ṣùgbọ́n ìyá lè rí i nínú báàgì, ọkọ lè béèrè ohun tó ń wò sàn. Abẹ́rẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni, lábẹ́ awọ ikùn, èèyàn á sì lo oògùn oníhóró pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì. Kì í ṣe àjẹsára, kì í sì í wo ẹni tó ti ní in sàn. Àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí tó bá jẹ́ pé kòkòrò náà ti wà lára, oògùn kan ṣoṣo á kàn kọ́ ọ bó ṣe máa yè é ni.

Fún àwọn ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ràn ìṣirò: ní oṣù Kẹwàá, Luke Durant rí nọ́ńbà tó tóbi jù tí a mọ̀ pé kò ṣeé pín fún nọ́ńbà mìíràn àyàfi 1 àti ara rẹ̀. Ẹ kọ 2 ní ìgbà 136,279,841, kí ẹ fi gbogbo wọn lọ́po ara wọn, kí ẹ yọ 1 kúrò. Díjíìtì 41,024,320 ló ní. Bí ẹ bá tẹ 5,000 sójú ewé kan, yóò lé ní ojú ewé 8,200.

Olóòtú, àtúnṣe kan kù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín. Ìwé ìròyìn yín orí bébà ní àmì ohùn. Èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, díẹ̀ ní àmì, díẹ̀ ò ní, níbòmíràn àpótí kékeré ló jókòó síbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó fà á kò le. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, é ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ ní tirẹ̀, àmọ́ ẹ́ ò ní: ẹ ni, lẹ́yìn náà àmì òkè tí ń gun orí rẹ̀. Ọ́ àti ọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Òǹtẹ̀wé kan lè kọ́kọ́ tẹ é kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, ẹlòmíràn á kọ́kọ́ tẹ ẹ. Ojú ò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá wá ọ̀kan lè má rí èkejì. Kí onímọ̀ kọ̀ǹpútà yín máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC, ìyẹn ọ̀nà tí Unicode fi ń mú ìkọ̀wé dọ́gba, kó tó wọ inú àpamọ́, ìyẹn á sọ méjèèjì di ọ̀kan. Kò ní tún ti àwọn tó ń fi ìlà òòró kékeré dípò àmì ìsàlẹ̀ ṣe o, torí àmì mìíràn pátápátá nìyẹn. Ẹ ní láti wá a kàn, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àpótí yẹn, fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, ló fà á. Ẹ lo èyí tó mọ bí àmì ṣe ń gun orí àmì: Noto Serif, Gentium, Charis SIL. Fún àwọn tó ń fi fóònù kọ ìròyìn, Gboard ní kíbọọ̀dù Yorùbá. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ tí ẹ fi fọ́ǹtì àtọwọ́dá ilé ìtẹ̀wé kọ ni iṣẹ́ rẹ̀ máa pọ̀, nítorí lẹ́tà mìíràn ló wà lábẹ́ ẹ àti ọ inú wọn, ẹni tó bá dà á kọ á kó pàǹtírí. Ẹ ṣe àtòjọ lẹ́tà tí fọ́ǹtì náà gbà dípò, kí ẹ fi pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo sì mọ ìdí tí ìròyìn yàjóyàjó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù kì í fi ní àmì. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì rárá gba lẹ́tà 160. Tí ẹyọ ẹ kan bá wọ inú rẹ̀, ó di 70, ẹ́ sì ń jẹ àyè méjì nínú rẹ̀, owó yín á ju ìlọ́po méjì lọ. Kò yà mí lẹ́nu pé ẹ yọ wọ́n kúrò níbẹ̀. Àmọ́ ojú òpó yín ò ní irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ síbi àpótí ìwákiri rẹ̀ lónìí, ẹ tẹ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ohun tó máa gbé jáde fún yín. Tó bá jẹ́ èsì kan náà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tàbí tí kò rí ọ̀kankan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti orí àkọlé ìròyìn, nítorí ibẹ̀ wà lára ibi tí Google ti ń kà yín.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín